Sí Àjọkẹ́, nítorí sóló rẹ

Òwódé, Ọ̀yọ́.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ti ròyìn rẹ dé ọjà Akẹ̀sán pé ìwọ ni wọ́n fún ní sóló sọpúránò nínú Messiah, orin ńlá Handel nípa Jésù, tí ẹgbẹ́ akọrin yín fẹ́ kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní láti ìgbà náà o kì í lọ sí ríhásà kọ́rọ́sì tí gbogbo yín jọ ń kọ mọ́, pé ohùn rẹ lò ń ṣọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Handel, ọmọ Jámánì tó fi London ṣe ilé, kọ iṣẹ́ yẹn ní 1741. Dublin ní Ireland ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1742, wọ́n sì fi apá kan owó rẹ̀ tú àwọn onígbèsè sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ní 1754 fún ilé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ ní London, orin kọ́rọ́sì wà nínú ìwé tí wọ́n dà kọ fún àwọn onísóló. Olórin tó lórúkọ nílùú nìyẹn o, wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ akọrin gbé kọ́rọ́sì Halelúyà. Kí wá ni tìrẹ?

Halelúyà ló parí apá kejì; orin tìrẹ, ọ̀rọ̀ Jóòbù orí 19, ló ṣí apá kẹta. Bí o kò bá sí nínú ariwo yẹn, báwo lo ṣe fẹ́ mọ bí ó ti yẹ kí o rọ ohùn rẹ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Fáyólìn á kọ́kọ́ sọ orin náà. Bí ẹ kò bá rí fáyólìn, dùùrù á gbé e. Má fi àkókò yẹn wá ojú wa láàárín èrò. Mí sínú. Láti sò lo máa fò sí dò òkè: má gbá a, má sì fà á. Ní ti lílọ́ ohùn, ọ̀ṣọ́ wà nínú orin ayé ìgbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀gá akọrin fi ibi tí o ó lò ó hàn ọ́. Èyí tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù kọ́ o.

Ọyẹ́ ti dé, yéé mu omi tútù. Ìyá rẹ ń fi orógbó ránṣẹ́. Èmi ò mọ̀ bóyá ó ń ran ohùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n jẹ ẹ́, kí àlàáfíà lè wà nílé.

Lọ sí ríhásà ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì bẹ ọ̀gá yín. Bá wa di àyè mẹ́ta mú níwájú; bàbá àgbà ní òun ò ní jókòó lẹ́yìn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.