Ilẹ̀kùn mẹ́tàlá

Ìbàdàn,
14 oṣù Kejì.

Àyìnlá ọ̀rẹ́ mi,

Má rẹ́rìn-ín o. Èmi tí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn dójú tì níwájú gbogbo kíláàsì, èmi náà ni mo ń kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa fúnra mi. Mẹ́tàlá ni. Mẹ́rin ti parí. Márùn-ún ni ǹ bá wí, àmọ́ ọ̀kan ti di pákó tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́.

Káfíńtà ló gba owó lọ́wọ́ wa lóṣù Kẹsàn-án. Ó kan àpótí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní òun ń lọ ra hìńjì. Títí dòní, ó ṣì ń rà á. Ìyàwó mi wá ta àǹkárá bo ojú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní bí ọdún bá yí po, òun á pààrọ̀ aṣọ fún un bí ẹni pààrọ̀ aṣọ egúngún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọjà pákó ní Bódìjà.

Wọ́n rí òpè lójú mi, wọ́n ta ọ̀gánwó tutù fún mi lówó èyí tó gbẹ. Mo gé òpó méjì, ìdábùú méjì, mo la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí wọn, mo ki pákó àárín bọ̀ ọ́, mo wá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbọn-in. Ó wù mí. Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé, a gbọ́ "pá!" lóru. Ìyàwó mi ní olè ni. Pákó àárín ló ya láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Màmá yín ló tú u fún mi. "Ta ló ní kó o lẹ ti àárín? Igi ń mí. Ó ń wú lójò, ó ń súnkì lọ́yẹ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o fún ní gọ́ọ̀mù, kó o fi ti àárín sílẹ̀ kó máa yíra." Bíi pé Bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sì kó irinṣẹ́ Bàbá fún mi. Àyìnlá, ìfági yẹn ṣì ń bó igi bí ẹni bó ọsàn! Ní báyìí, kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, mo ti wọn ilẹ̀kùn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó ti wọ́ nìyẹn.

Àkọ́bí mi ti wọ yunifásítì; transfọ́má àdúgbò tún ti jó.

Gbogbo Sátidé ni Màmá máa ń wá jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń fá igi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Bàbá Àyìnlá, ẹ ò tíì jẹun." Mo pè é ní àwàdà, mo dáhùn. Wọ́n wá bi mí bóyá o ti dé láti ilé-ìwé. "Ẹ" tí wọ́n ń lò fún mi yẹn ló já mi láyà. Wọ́n ti ní kí n wá kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn náà, pé ó ti wó. Mo lọ wò ó. Èyí tí Bàbá kàn ló wà níbẹ̀, ohunkóhun ò ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lo máa ń pè wọ́n, àárọ̀ sì lara wọn máa ń jí pépé. Pè wọ́n nírọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá ti gbọ́ ohùn wọn, dákun, má dúró de oṣù Kejìlá mọ́. Ọdún Àjíǹde ò jìnnà.

Bó o bá ń bọ̀, bá mi ra ẹnu dírílì tí wọ́n fi ń lu ihò hìńjì kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí mo rà níbí kì í lu igi, ńṣe ló ń sun ún, èéfín ló ń rú. Mìlímítà 35 ni o.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní