Kòkòrò inú ìfun ò ní dúró de owó dìpọ́sítì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ jáde, ẹ sábà máa ń kọ ọ́ pé lágbájá ti ń gbádùn, àfi bó ṣe kú lójijì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òjijì o. Mo mọ̀, torí ó ku díẹ̀ kírú ẹ̀ mú àbúrò mi lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni mọ́tò gbá a lórí ọ̀kadà ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, itan ẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní ká lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá, ìkejì ní ká san dìpọ́sítì ná, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e kiri fún bíi wákàtí mẹ́rin, ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ ti tutù bí omi àmù kí ìkẹta tó gbà á, tí wọ́n fa díríìpù àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n to egungun, wọ́n rán ojú ọgbẹ́, ọkàn wa balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ara ẹ̀ gbóná, ó ń sọ̀sọkúsọ, ó ń mí gúlegúle, BP ẹ̀ já wálẹ̀. Màmá wa ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà pé wọn ò nu ọgbẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sí láàbù ni wọ́n ti bá kòkòrò bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní E. coli, dókítà wá ní àfàìmọ̀ ni kì í ṣe inú ìfun àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló ti jáde. Mo ní kẹ̀, ìfun tí nǹkan kan ò gún?

Àlàyé tó ṣe rèé, mo sì ti kà nípa ẹ̀ gan-an látìgbà náà. Àìmọye bakitéríà ló ń gbé inú ìfun gbogbo wa, wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀, kódà wọ́n ń bá wa da oúnjẹ. Ohun tó dábùú wọn tí wọn ò fi bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ò ju awọ tín-ín-rín, ìpele sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré tí ikun bò lójú, tí ara ń sọ dọ̀tun láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára èèyàn, tàbí tí iná jó o gan-an, ara á fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ìfun lọ fún ọkàn àti ọpọlọ, torí àwọn yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yè. Awọ ìfun á wá máa kú, ojú ẹ̀ á là, bakitéríà á yọ́ gba ibẹ̀ lọ sínú àwọn kókó tó ń ṣọ́nà nínú ikùn, á bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn onímọ̀ ti rí i lára eku tí wọ́n fi iná jó lẹ́yìn, tí nǹkan kan ò ṣe ikùn ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibà ẹni tó fara pa ló ti ìfun wá o, ọgbẹ́ náà lè fà á, rọ́bà ìtọ̀ náà lè fà á, àmọ́ wákàtí mẹ́rin tá a fi ń bẹ̀bẹ̀ kiri yẹn, ìfun àbúrò mi ò rí ẹ̀jẹ̀ tó tó.

Ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn, torí òfin wà. Òfin ìlera ọdún 2014, abala 20, ní ọsibítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohun yòówù, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ti 2017 tún wà fún ẹni tíbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ ni.

Àwa ará ilé náà ṣe tiwa. A ò fẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà gba imú ẹ̀ fún un lóńjẹ, a ní kó sinmi ná, àṣé oúnjẹ tó tètè dé inú ìfun wà lára ohun tó ń bá awọ yẹn dúró. Tí dókítà bá ti ní ó yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún wọn.

Ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Olóòtú, ẹ bá wa tẹ abala 20 yẹn sójú ìwé yín gàdàgbà, ká lè gé e sápò.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.