Ẹ jẹ́ kí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama, olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ló tún ń kọ́ni ní kíláàsì, òun náà ló ń gba owó ìwé. Ìgbà wo ni yóò ráyè gbọ́ tẹnu ọmọ?

Inú rẹ́jísítà, ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí ọmọ tó wá àti èyí tí kò wá, ló yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tó máa ń pa ọjọ́ ọjà nìkan jẹ, ó ṣeé ṣe kó máa kiri ọjà. Ọmọbìnrin tó ń pa ọjọ́ mélòó kan jẹ lóṣooṣù lè má ní páàdì. Ẹgba kò yanjú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni JSS 3, nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò ṣe ní SS 1. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní JAMB. Ọmọ tó ti ju Físíìsì sílẹ̀ ní SS 1, SS 3 ló máa ń mọ̀, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Kí wọ́n pe òbí, kí wọ́n tẹ́ èsì ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ọmọ síwájú rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Orúkọ ńkọ́? Láti inú NIN ni JAMB ti ń mú un. Ẹ fi orúkọ inú NIN wé ti rẹ́jísítà ní SS 1, kí ẹ lè tún èyí tó bá yàtọ̀ ṣe kí fọ́ọ̀mù WAEC tó dé.

Ẹ fún un ní yàrá tó nílẹ̀kùn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọmọ bá sọ ní yàrá olùkọ́, ìta ló ń lọ.