Lẹ́tà ìparí sáà kejì: ìtàn tí Nátánì sọ fún ọba

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Ìdánwò ti parí, ara àwọn ọmọ dá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè. Ọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́ ìwọlé wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fò lọ síbẹ̀. Ohun kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì tó jẹ́ pé ilé yín ló ti máa parí.

Òwe onítàn ni àwọn ọmọ JSS 2 kọ́ ní sáà yìí. Ìtàn nípa nǹkan ojoojúmọ́ ni: àgbẹ̀ tó lọ fúnrúgbìn, obìnrin tí owó fàdákà rẹ̀ 1 nínú 10 sọnù tó tanná gbálẹ̀ títí ó fi rí i. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Èèyàn bíi tiwa ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn Gíríìkì pè é ní parabolē, ìyẹn ni kí a gbé nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́, mú àpẹẹrẹ rẹ̀ látẹnu Socrates, ọ̀mọ̀ràn tó ṣáájú rẹ̀: ta ló máa ṣẹ́ gègé láti yan ẹni tí yóò tukọ̀? Kí ló wá dé tí a fi ń ṣẹ́ gègé yan ìjòyè? Mashal ni àwọn Júù ń pè é, mathal ni ti Lárúbáwá, gbòǹgbò kan náà ni méjèèjì. Mashal yìí sì dà bí òwe tiwa gan-an: ó lè jẹ́ gbólóhùn kan péré, ó lè jẹ́ odindi ìtàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi bá Bíbélì Yorùbá mu rẹ́gí: Òwe ni ìwé Sólómọ́nì, òwe náà sì ni ti afúnrúgbìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Kùtọnu, “parler” tí wọ́n ń sọ ní Faransé, ara parabolē yẹn ló ti yọ. Ibẹ̀ náà ni “palaver” inú píjìn ti wá. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo mọ èyí.

Èyí tí a pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni ti wòlíì Nátánì. Ọba Dáfídì ti gba ìyàwó Ùríà, ọmọ ogun rẹ̀, ó sì ti dọ́gbọ́n kí wọ́n pa Ùríà lójú ogun. Ta ló fẹ́ lọ bá ọba wí? Nátánì kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ó ní ọkùnrin méjì wà nínú ìlú kan. Ẹran ọ̀sìn olówó kò lóǹkà. Tálákà kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo lọ. Àgùntàn náà àti àwọn ọmọ tálákà ló jọ dàgbà, ó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ń mu nínú ife rẹ̀, àyà rẹ̀ ló ń sùn sí. Àlejò wá dé sílé olówó. Olówó ṣahun tirẹ̀, ó lọ mú àgùntàn tálákà pa. Inú bí Dáfídì gidi: ikú ló tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó sì san án padà ní ìlọ́po 4! Ìgbà yẹn ni Nátánì wá ní, “Ìwọ ni ọkùnrin náà.”

Nígbà tí olùkọ́ wa sọ ọ́, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dúró síbi tí wọ́n ti pa àgùntàn, ó ní kí àwọn ọmọ dájọ́. Ariwo sọ. Ọmọbìnrin kan gbá tábìlì, ó ní, “Kó san án, kó tún dọ̀bálẹ̀!” Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ka ìdáhùn Nátánì. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn wá béèrè pé, “Mà, ṣé ọba ò ti mọ̀ pé òun ni, kí wọ́n tó sọ fún un?” Olùkọ́ kò dáhùn. Wọ́n jiyàn rẹ̀ dé ìdí àwọn tó ń ta oúnjẹ.

Èmi ni mo ti ń bà á jẹ́ fún wọn láti ọdún yìí wá. Bí mo bá sọ ìtàn lórí ìlà láàárọ̀, èmi náà ni mo máa béèrè pé, “Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?”, èmi náà ni mo máa dáhùn. Ìdáhùn ni wọ́n ń há sórí, ìtàn á lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, ìta ni bàbá ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n tó bínú tí kò fẹ́ wọlé síbi àsè àbúrò rẹ̀. Jésù kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n náà padà wọlé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín: nínú ìsinmi yìí, ẹ sọ ìtàn kan fún ọmọ yín, kí ẹ sì dákẹ́. Mùsùlùmí lè mú hóró ọkà inú Súratul-Bákárà, áyà 261, tó hu ṣírí 7, tí ṣírí kọ̀ọ̀kan so 100. Èyí tí ìyá yín àgbà sọ fún yín náà dára, ní ẹ̀ka èdè ilé yín. Ọmọ yóò kọ ọ́ sínú ìwé Yorùbá rẹ̀ wá, láìsí ìtumọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a óò pín èsì ìdánwò. Ẹ wá gbà á fúnra yín. Ọjọ́ ìwọlé wà lẹ́yìn ìwé èsì. Ẹni tí owó sáà yìí kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá rí mi kí a jọ ṣètò rẹ̀. A kò ní dá ọmọ kankan padà sílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́