Ẹ wọn ìsàlẹ̀ odò kí ọ̀pá epo tó bẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Tí ọ̀pá epo bá bẹ́ nílẹ̀ wa, àwọn tó ń dá a lu ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ìfura yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tójú ti rí ní Arépo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn tó ń jí epo ti dá ọ̀pá lu léraléra, tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n odò pàápàá máa ń bẹ́ ọ̀pá tó gba abẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó lè mú un. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára gan-an.

Ẹ wo odò Yellowstone ní ìpínlẹ̀ Montana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 2011, omi kún, ọ̀pá ilé-iṣẹ́ ExxonMobil sì bẹ́ lábẹ́ odò náà nítòsí ìlú Laurel. Nǹkan bí àgbá epo rọ̀bì 1,500 ló dà sómi. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, ọ̀pá ilé-iṣẹ́ mìíràn tún bẹ́ nínú odò kan náà, lápá òkè ìlú Glendive, nígbà tí yìnyín ti bo ojú omi. Epo wọ inú omi ẹ̀rọ ìlú, wọ́n sì ní kí nǹkan bí 6,000 ènìyàn má mu ún mọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti wọn ibẹ̀ ní 2011, wọ́n sì rí i pé iyẹ̀pẹ̀ tó bo ọ̀pá náà kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìsàlẹ̀ omi lẹ́yìn tó bẹ́ tán, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 lára rẹ̀ ló wà níhòòhò. Kò tó ọdún mẹ́rin tí odò fi kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ.

Nígbà tí omi bá kún tó sì ń sáré, ó máa ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá ń fà, á tún da iyanrìn mìíràn sójú ibẹ̀. Ẹni tó bá wá wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á bá iyanrìn púpọ̀ lórí ọ̀pá, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu. Kò ní mọ̀ pé nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, omi ti ń gba abẹ́ ọ̀pá yẹn kọjá, tó nà gbalaja láàárín odò bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Omi á máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, igi tí àgbàrá gbé wá á máa kọ lù ú, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ìwọ̀n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́ tó bá dá dúró. Bèbè odò pàápàá kì í dúró sójú kan. Abẹ́ àárín odò ni ọ̀pá ti máa ń jìn jù. Bó bá ti ń sún mọ́ etí omi ló ń gòkè bọ̀. Tí odò bá wá ń jẹ bèbè rẹ̀ lọ sápá kan, ibi tí ọ̀pá ò ti jìn rárá ló máa bá.

Àwọn tó ń wa yanrìn tún ń dá kún un. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, odò San Jacinto ní Texas kún, ó fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì la ọ̀nà tuntun gba inú kòtò tí wọ́n ti wa yanrìn. Ọ̀pá 8 ló bẹ́, omi gbẹ́ abẹ́ 29 mìíràn. Iná ràn lójú omi, ènìyàn 547 sì ni iná tàbí èéfín ṣe léṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀pọ̀ wọn ò le.

Ẹni tó bá ti gba Kárà kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti rí àwọn tó ń wa yanrìn nínú odò Ògùn. Odò yìí ń kún, tí wọ́n bá sì ṣí omi Dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, Ìṣẹrì títí dé Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ń mọ̀ ọ́n lára. Inú àbàtà agbègbè yìí kan náà, ní Arépo, ni ọ̀pá tó ń gbé epo láti Atlas Cove, ibùdó epo létí òkun ní Èkó, lọ sí Mosimi, ibùdó epo nítòsí Ṣàgámù, gbà kọjá.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pá tó bá gba abẹ́ odò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100 ní iyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí, àfi níbi tí àpáta bá wà. Ọjọ́ tí wọ́n rì í nìkan ni òfin yẹn ń sọ, ibẹ̀ sì ni mo ti rí àléébù rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ìjàǹbá yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi kún un, ní 2019, pé láàárín wákàtí 72 tí ìjì tàbí ìkún omi ńlá bá rọlẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. Ó tún sàn kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn láti bèbè kan gba abẹ́ odò já sí èkejì, kí wọ́n ti ọ̀pá tuntun bọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni, ṣùgbọ́n wíwọ̀n ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán oníròyìn yín sí àjọ NMDPRA tó ń mójú tó ọ̀pá epo àti sí NNPC. Kí ó béèrè bí iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tó gba abẹ́ odò ṣe jìn tó lónìí, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, àti bóyá ìgbà ìkún omi ni tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tún béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó àti ti Ògùn bí ó ṣe yẹ kí àwọn tó ń wa yanrìn jìnnà sí ọ̀pá tó. Ìdáhùn tí ẹ bá gbà, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú gbogbo iye tó wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ní Ìbàfò