Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ dà?

Olóòtú, ọ̀kún o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn onímọ̀ tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa gbé oògùn wọnú ara ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní sọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun ní Kàbà níbí, bàbá kan ní wọ́n tún fẹ́ wá fa ẹ̀jẹ̀ wa lọ tà fún òyìnbó, àwọn ọ̀dọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín ṣá, torí ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù ò ní dá bàbá yẹn lẹ́bi.

Bó ṣe yé mi nìyí. Lọ́dún 2018 àwọn onímọ̀ kan ní Hong Kong mú ẹ̀jẹ̀ gúrúùpù O táwọn èèyàn fi tọrẹ, wọ́n da kẹ́míkà kan sí i tó ń jẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù ráyè wọnú sẹ́ẹ̀lì, ni sẹ́ẹ̀lì bá ń bọ́ àpò tíntìntín sílẹ̀, èyí tójú lásán ò lè rí, wọ́n wá kó oògùn RNA (RNA ni ohun tó ń jíṣẹ́ DNA nínú sẹ́ẹ̀lì) sínú àpò yẹn, wọ́n fún eku tó ní jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ọ̀hún ò sì ráyè gbèrú bó ṣe fẹ́. Èyí tó wù mí jù ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà tán ò ní DNA, ìyẹn àbùdá tí a jogún, nínú, DNA ẹlòmíì ò ní tẹ̀lé oògùn wọ̀ ẹ́ lára. Gúrúùpù O sì kún ọwọ́ wa níbí bí ilẹ̀ bí ẹní.

Àmọ́ níbo la máa tọ́jú ẹ̀ sí? Ọmọ àbúrò mi bímọ lọ́dún tó kọjá ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní kí ọkọ ẹ̀ lọ wá ẹni táá fún un lẹ́jẹ̀, la bá ń pe ẹbí láti Mọpà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ lóru. Fíríìjì tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, piọ wọ́tà àti mínírà ni mo fojú ara mi rí níbẹ̀! A rí ẹ̀jẹ̀ ṣá, ara ìyá le, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa ní dígírì 2 sí 6 lè lò tó ọjọ́ 35, iná ni kò sí, díísù jẹnẹrétọ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ owó gọbọi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan wá, kó máa wọ ọsibítù láti Kàbà dé Ìsánlú lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti múná lọ, kó ṣí fíríìjì wọn wò, kẹ́ ẹ sì tẹ ohun tó bá rí jáde.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí