Ẹgba torí èdè abínibí

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí síta. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ará Ireland ni mo ti kàwé, kí Ìpàdé Kejì ti Vatican, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà tó yí ọ̀nà ìsìn wa padà, tó parí ní 1965. Èdè Látìn ni fadá fi ń ṣe Mísà nígbà náà, ó sì máa ń kẹ̀yìn sí wa. A kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Jímọ̀. Sísítà á gbé rúlà, á wọn ìṣẹ́tí aṣọ wa. Tó bá ga ju orúnkún lọ, ojú ẹsẹ̀ la ó tú u.

Ìyẹn ò dùn mí mọ́. Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni ẹgba tí mo jẹ torí pé mo kí ìyá mi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ní “Ẹ káàsán, mà” lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Síbẹ̀, àwọn obìnrin yìí fi ilé wọn sílẹ̀ wá kọ́ wa ní ìṣirò, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sọ pé ilé ìdáná ni ọmọbìnrin yóò parí sí. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú sì tún ń bí mi.

Ẹ̀yin ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lónìí, ta ló rán yín?

Ìyá àgbà kan,
Ìbàdàn